Ẹ́ńjìnnì Tí Ìfẹ́ Fọ̀

Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan nìkan ni Màmá Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ rí láti abẹ́ ọkọ̀ tó sùn sí: bàtà tí èérún pákó bò, ṣòkòtò tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ lórúnkún. Ó fa ara ẹ̀ jáde, ó fi akísà nu ojú, ó sì bá ọkùnrin náà tó ń wò ó bí ẹni tó ṣi ilé yà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ni mo ń wá."

"Ẹ ti rí i."

Ojú ti ọkùnrin náà. Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa rò pé ọkùnrin ni mẹkáníìkì náà. Ọwọ́ bàbá ẹ̀ ni obìnrin yìí ti kọ́ṣẹ́, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló sì jogún ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí bàbá kú. Màmá Ẹ́ńjìnnì làwọn oníbàárà ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò lọ́kọ, kò sì bímọ.

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ọkọ̀ tó wà wá ti rìn débi pé òǹkà máìlì iwájú ẹ̀ ti kà á sú, ó ti dákẹ́. Ó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Pákó ló ń kó sórí ẹ̀, ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ bá sì fẹ́ lọ rí dókítà ọkàn, òun náà ló fi ń gbé e. Màmá Ẹ́ńjìnnì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ohun tó bá ìka ẹ̀ jáde dúdú, ó sì ki bí ọ̀dà.

"Wọ́n ní oògùn kan wà tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì," ni káfíńtà wí. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

"Oògùn wà lóòótọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ lè gbà á. Tiyín yìí, ìdọ̀tí ti bá a dàgbà. Tá a bá já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, òkú ni."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ máa gbé e wá lemọ́lemọ́ ká máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ́ìlì tuntun á máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Àbí ẹ kàn fẹ́ máa rí mi ni?"

"Ọkọ̀ yín ni mo fẹ́ máa rí." Àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Bí ọ́ìlì ọkọ̀ náà ṣe ń mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gùn sí i láàárín wọn. "Ẹ" di "o". Káfíńtà kan pákó pẹlẹbẹ kan fún un, ó fi táyà kéékèèké sí i kó lè máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹ̀ yí wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Kí ilẹ̀ yìí má baà ba ẹ̀yìn ẹ jẹ́ kí n tó gbé ẹ níyàwó," ló wí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti gbà?"

"Ẹ̀yìn ẹ ló sọ fún mi."

Káfíńtà mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ìyá náà jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á sinmi. Ó gbé ọwọ́ Màmá Ẹ́ńjìnnì wò.

"Èékánná ẹ dúdú."

"Iṣẹ́ ni, Mà."

"Ó dáa. Ọmọ mi ò fẹ́ ẹni tó ń sá fún ìdọ̀tí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà, obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí àìsàn ìyá fi le. Ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú mìíràn gbà láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí ìrìn àjò ti kù dẹ̀dẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó. Káfíńtà sáré gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Fọ̀ ọ́ fún mi."

"Rárá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì."

"Ó lè jókòó nínú bọ́ọ̀sì? O rí bó ṣe ń mí. Ìyá mi ni mo fẹ́ gbé, kì í ṣe pákó."

"Torí pé ìyá ẹ ni mo ṣe ní rárá."

Ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú. "Olólùfẹ́ mi, mi ò bẹ̀ ẹ́ nǹkan kan rí. Tó o bá fẹ́ràn mi, ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́ ẹ lápá. Ó mọ ohun tó mọ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ràn ló dúró níwájú ẹ̀. Ó da oògùn náà sí i. Ìdọ̀tí dúdú ṣàn jáde, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ariwo náà sì lọ. Káfíńtà gbé e sókè nínú ṣọ́ọ̀bù bí ọmọdé. Màmá Ẹ́ńjìnnì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òun, ìyá àti Ìyá Àgbà gbéra, ojú ọ̀nà tí kò sílé, tí kò sí igi, ni iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì ò dé ẹ́ńjìnnì ti tàn níwájú káfíńtà. Ẹ́ńjìnnì lu ara ẹ̀ bí ẹni tó ń fi òòlù na irin, ó sì gan. Oòrùn mú. Ọkọ̀ ń kọjá, wọn ò dúró. Nígbà tí ọkọ̀ akóyanrìn kan wá dúró, ìyá ti gbé orí lé èjìká Ìyá Àgbà. Kì í ṣe oorun ló ń sùn.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá Ẹ́ńjìnnì tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ti dí pátápátá, bí ẹrẹ̀ tí wọ́n yan.

"Dè é padà," ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí. "Ọkọ̀ tó ti gbó ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Ó bá káfíńtà tó ń fá pákó. Pósí ìyá ẹ̀ ló ń kàn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò fi kan bo kan.

"Èmi ni mo fipá mú ẹ," ni káfíńtà wí, kò gbójú sókè.

"Èmi ni mo mọ̀ tí mo sì ṣe é."

Ohùn Ìyá Àgbà dún láti inú ilé: "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pa á. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, má jẹ́ kí n tún rí ẹ níbí."

Káfíńtà ń fá pákó lọ. Màmá Ẹ́ńjìnnì yí padà.

Ìgbà òjò dé, ó sì kọjá. Màmá Ẹ́ńjìnnì ò gbúròó káfíńtà. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun nítorí pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dúró tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, káfíńtà fẹsẹ̀ rìn wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù.

"Mo gbìyànjú láti kórìíra ẹ," ló wí. "Ì bá rọrùn fún mi."

"Tó o bá kórìíra mi, mi ò ní bá ẹ jiyàn."

"Ohùn tí mo fi bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ò kúrò létí mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa yé, tí kì í ṣe ìwọ?"

"Tá a bá fẹ́ra, ojoojúmọ́ la ó máa rí i lójú ara wa."

"Ṣé a ò ti ń rí i ni? Kálukú ló ń dá tiẹ̀ rí." Ó mí kanlẹ̀. "Fẹ́ mi. Mi ò lè ṣèlérí pé inú wa á máa dùn. Mo kàn lè ṣèlérí pé o ò ní dá a gbé."

Màmá Ẹ́ńjìnnì fi akísà nu ọwọ́ ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì nà wọ́n sí i.

Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, láìsí ìlù, láìsí àlejò. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dúró bí ẹlẹ́rìí ìyàwó. Akọ̀wé béèrè ẹni tó dúró fún ọkọ. Káfíńtà wolẹ̀. Ìgbà náà ni àga kan dún lẹ́yìn. Ìyá Àgbà ló dìde, nínú aṣọ dúdú. Wọn ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó wọlé.

Ó rìn wá síwájú, ó tẹ̀ka síwèé fún ọkọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyàwó.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

"Mo mọ̀, Mà."

"Àmọ́ ọmọ àbúrò mi ò ní dúró níbí bí ẹni tí ò lẹ́nì kan."

Àtẹ̀gùn ilé náà ga, orúnkún Ìyá Àgbà ò sì lágbára mọ́. Ìyàwó na apá sí i. Ìyá Àgbà wo apá náà, ó gbá a mú, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń sunkún.