Èéfín Tí Wọ́n Rò Pé Ti Ìta Ni

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú láti aago méje, Tahlia Pascoe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílùú Tumut, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, inú ń bí i. Ọmọ ogún ọdún ni, ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sì nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to káàdì àwòrán tuntun sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù. Ó ti fọkàn sí i pé eré ìje mọ́tò tóun ń ta yóò máa yọ̀ geere lójú síkírìnì. Dípò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni géèmù ń kólòlò.

Á sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú méjì, àwòrán á wá dúró gbagidi, á tún fò síwájú, á tún dúró. Kí ojú Tahlia tó mọ ibi tí mọ́tò wà, mọ́tò ti wà nínú kòtò. Aago méjì ọ̀sán ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa díje. Dougal, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ballarat, ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ tó dé mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ara káàdì tuntun lo ki wáyà síkírìnì bọ̀, àbí ihò àtijọ́?"

Tahlia bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. "Ihò àtijọ́ ni."

"O káre, ọ̀gá ẹlẹ́rọ. Àwa tá a jọ fẹ́ gbégbá orókè lọ́sàn-án yìí nìyí."

"Panu ẹ mọ́, Dougal."

Ó yí wáyà padà, géèmù ṣì ń kólòlò. Dougal ní kó yọ ètò tó ń darí káàdì àtijọ́ kúrò pátápátá, torí ó lè máa bá tuntun jà, kó sì lọ gba tuntun látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe káàdì gan-an, kó má gbà á níbi tó bá ṣáà rí. Tahlia ṣe é. Ó dáa díẹ̀, ó tún padà síbi tó wà. Nígbà tó yá ó kíyè sí ohun kan.

"Tí mo bá dín ẹwà àwòrán kù, kò kólòlò rárá. Tí mo bá ti gbé e sókè báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ebi ló ń pa káàdì yẹn," ni Dougal wí. "Iná tó ń jẹ ò yó o. Lọ sínú ètò ẹ̀, kó o sún ìwọ̀n iná tó lè fà sókè."

Ìdajì ọ̀rọ̀ Dougal tọ̀nà, ìdajì yòókù ló gbé ilé náà dé ibi tó dé. Wáyà iná méjì tó dá dúró ni káàdì náà ń fẹ́ látinú àpótí iná tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Àpótí iná ti Tahlia ti lo ọdún mẹ́jọ, wáyà kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Ó lọ ra wáyà kékeré kan tó lórí méjì, ó fi sọ ẹyọ kan yẹn di méjì. Nígbà tó sì fẹ́ ti gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà pa, gíláàsì kò fẹ́ dé, torí pé wáyà náà yọrí síta. Ó fi orúnkún tì í, ó sì fún síkúrù rẹ̀. Kò mọ̀ pé gíláàsì ti tẹ wáyà wọ́, àti pé púlọ́ọ̀gì kò wọlé dé ìdí.

Ó sún ìwọ̀n iná sókè bí Dougal ṣe wí. Kò ju ìdajì wákàtí lọ tó fi sọ pé, "Nǹkan kan ń rùn níbí."

"Òórùn nǹkan tuntun ni. Tèmi náà rùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan."

Tahlia fi ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya òmùgọ̀. Gbogbo Tumut ló ń rùn lọ́jọ́ náà. Iná igbó ti ń jó nínú oko igi páìnì lókèèrè láti ọjọ́rú, èéfín rẹ̀ sì ti wọ inú aṣọ, inú bẹ́ẹ̀dì, inú tíì táwọn èèyàn ń mu. Ẹni tó bá sọ pé òun gbóòórùn iná nílùú náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á bi í bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

Glenn, bàbá rẹ̀, kò fi iná igbó ṣeré rí. Ilé iṣẹ́ ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́, iná irú rẹ̀ ló sì jó ilé bàbá tirẹ̀ kanlẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Láti òwúrọ̀ ló ti ń wo fóònù, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń wo fóònù. Agogo èéfín tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dún lẹ́ẹ̀mẹta nítorí èéfín tó ń wọlé látìta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gun àga, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó jù ú sápò ṣòkòtò. Ó fẹ́ kí ilé rójú kó lè ronú.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ó wọ yàrá Tahlia, ó gbé ẹ̀rọ kúrò ní etí rẹ̀ kan.

"Gbọ́ mi dáadáa. Afẹ́fẹ́ ti yí. Wọ́n ní ká wà ní ìmúrasílẹ̀. Nana máa jókòó síbí, torí yàrá yìí ló ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo sì ti fi téèpù dí ojú wíńdò ẹ̀ látàárọ̀."

Ìyá Glenn, Merle, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ti ń fi ọ̀pá ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò lágbára, èéfín sì ni ọ̀tá rẹ̀. Nana ni gbogbo ilé ń pè é.

"Mi ò wá da eré ẹ rú o," ló sọ fún Tahlia. "Ṣáà má jẹ́ kí mọ́tò yẹn gbá mi."

"Ẹ jókòó, Nana. Kò lè gbá yín, kò tíì rìn dé ibì kankan látàárọ̀."

Màmá náà jókòó, ó fa imú. "Èéfín ti wọ ibí náà. Ó tún wá le ju ti pálọ̀ lọ."

"Mo mọ̀, Mọ́mì," ni Glenn dáhùn. "Màá fi táwẹ̀lì tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fara balẹ̀."

Ó le ju ti pálọ̀ lọ. Màmá sọ ọ́ jáde lẹ́nu, àwọn méjì gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé báwo ni èéfín ìta ṣe máa pọ̀ jù nínú yàrá tí a dí jù.

Glenn fẹ́ gun òrùlé lọ ki àkísà bọ ojú ọ̀pá tó ń gbé omi òjò wálẹ̀, kó sì pọn omi kún ojú àgbàrá òrùlé, kí ẹ̀ta iná tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá má bàa ráyè jó níbẹ̀. Ó ní kí Tahlia wá bá òun di àkàbà mú. Tahlia sọ fún Dougal pé òun ń jáde.

"Jẹ́ kí ìdánwò yẹn máa ṣiṣẹ́ lọ," ni Dougal wí. "Tó bá lo ogún ìṣẹ́jú láìkólòlò, a ti borí."

Ìdánwò tó ń wí ni ètò kan tó máa ń mú kí káàdì fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsinmi. Tahlia tẹ̀ ẹ́, ó fẹnu ko Nana lórí, ó jáde. Glenn pa ilẹ̀kùn dé, ó fi táwẹ̀lì dí abẹ́ rẹ̀ látọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ti ń tòògbé.

Níta, ojú ọ̀run ti pọ́n. Glenn wà lórí páànù, Tahlia di àkàbà mú nísàlẹ̀, omi ń ta sí i lójú. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí fóònù Glenn tó dún.

"Glenn." Ohùn ìyá rẹ̀ ti há. "Iná ti dé. Èéfín ti kún yàrá. Mo ti sọ̀kalẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Glenn nàró lórí òrùlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yíra padà. Màlúù aládùúgbò ń jẹko. Koríko gbẹ, igi dúró, iná kankan kò sí níbikíbi. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó jìn ju ti iná igbó lọ bà á.

"Mọ́mì, iná ò sí níta. Níbo lèéfín ti ń wá?"

"Ẹ má wọlé o. Gbé ọmọ yẹn sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ máa lọ. Mo ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mi ò ní jẹ́ kó ráyè kọjá."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nídìí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ṣí i."

"Wọ́n ní ká má ṣí i," ni màmá wí. Ikọ́ gbà á. Glenn ń gbọ́ ikọ́ náà, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ Merle pé tí iná igbó bá ti débi tí kò sí àyè àtisá mọ́, kí ó wọlé, kí ó ti gbogbo ihò pa, kí ó dúró títí iná yóò fi kọjá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Inú yàrá tí iná wà ló ti ara rẹ̀ mọ́.

Glenn bẹ́ sílẹ̀ látorí òrùlé, kókósẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Tahlia ti sáré wọlé ṣáájú rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti mọ̀. "Kọ̀ǹpútà mi ni," ló ń wí, "Dádì, kọ̀ǹpútà mi ni." Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò lọ. Ó tún tì í, ó sì mọ̀ lára pé ohun tó dá a dúró rọ̀, pé ẹ̀yìn Nana ni òun ń tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti ta agbára, ẹ̀rù sì ń bà á láti má ta á. Nígbà tí àyè tó, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú màmá lábíyá, ó wọ́ ọ jáde. Èéfín dúdú tẹ̀ lé wọn. Kọ̀ǹpútà ń jó, iná rẹ̀ ti mú kọ́tìnnì. Glenn wọ́ ẹsẹ̀ débẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé lé iná lórí, ó lọ pa iná gbogbo ilé níbi mítà, ó sì pe panápaná.

Ọkọ̀ panápaná kan ṣoṣo ló kù nílùú, ìyókù ti lọ síbi iná igbó. Wọ́n pa iná náà. Wọ́n gbé Nana lọ sí ọsibítù nílùú Wagga, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá a mí.

Lọ́jọ́ Túsìdé, Kerrin, obìnrin tó ṣáájú àwọn panápaná tó wá lọ́jọ́ náà, padà wá sílé wọn. Ó gbé nǹkan dúdú kan sórí tábìlì. Púlọ́ọ̀gì káàdì ni, ó ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wo ẹnu ẹ̀," ló sọ fún Tahlia. "Kò wọlé tán. Tí púlọ́ọ̀gì ò bá wọlé tán, ibi díẹ̀ tó fara kanra ni gbogbo iná máa gbà kọjá, ibẹ̀ ló máa gbóná. O tún fi wáyà kan ṣiṣẹ́ wáyà méjì, o wá sún ìwọ̀n iná sókè lé e lórí."

"Mo rò pé géèmù ló ń ṣàìsàn," ni Tahlia wí.

"Ó ń sọ fún ẹ ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ káàdì lọ́rùn nìkan ló ń kólòlò, iná àti ooru ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Pa á, yọ ọ́ lára ògiri, ṣí i, kó o fojú ẹ wo gbogbo púlọ́ọ̀gì. Kó dún kẹ́ nígbà tó bá wọlé. Tí àpótí iná ò bá tó káàdì, àpótí lo máa kọ́kọ́ pààrọ̀. Ó sì yẹ kí àpótí tó dáa gé iná fúnra ẹ̀ kó tó débí yìí, àmọ́ tìẹ ti darúgbó. Àti pé a kì í fi irú ìdánwò yẹn sílẹ̀ ká jáde."

Glenn ki ọwọ́ sápò, ó gbé bátìrì agogo èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́ púlọ́ọ̀gì. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Kerrin yíjú sí i. "Mi ò lè sọ pé agogo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ì bá tètè gbọ́, torí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ dí. Agogo tiẹ̀ yẹ kó wà nínú yàrá yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ ò fún un láyè kó gbìyànjú."

Lọ́jọ́ kejì, Nana lajú. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Tahlia gbé etí sún mọ́ ọn, ó ní òun ní ohun tóun fẹ́ jẹ́wọ́.

"Mo gbóòórùn ẹ̀ látàárọ̀, Nana. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń ta géèmù mi lọ."

"Èmi náà gbọ́ ọ," ni màmá wí. Ó sinmi kó tó lè sọ èyí tó kù. "Bàbá ẹ náà gbọ́ ọ. Iná igbó la dì í rù."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó kú. Ìyẹn ni ọjọ́ tí òjò rọ̀ sórí oko páìnì, tí iná igbó náà kú láìdé Tumut rárá.

Ìwọ tó ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí o má ní káàdì àwòrán, kí o má sì gbé níbi tí igbó ti ń jó. Ṣùgbọ́n wáyà kan wà nílé rẹ tó ń ṣiṣẹ́ wáyà méjì. Púlọ́ọ̀gì kan wà tó ń gbóná, tí o máa ń mì kó tó mú iná dáadáa. Nígbà tí òórùn rẹ̀ bá sì sọ, o máa ń sọ pé aládùúgbò ló ń sun pàǹtí. Dìde lónìí, kí o fọwọ́ kan ògiri níbi tí púlọ́ọ̀gì wà. Èyí tó bá gbóná, yọ ọ́, kí o pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná. Bí o bá ní agogo èéfín, má yọ bátìrì rẹ̀ nítorí ariwo. Bí òórùn iná bá sì kàn ọ́ nímú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló ń dáná, kọ́kọ́ wá a nínú yàrá tí o wà.