Omi Inú Ihò Ìsádi

Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé Muriel lẹ́nu ihò ìsádi náà: òórùn ẹrẹ̀, òórùn kúbùsù tí kò gbẹ rí, àti ti korobá ìgbẹ́ tí wọ́n fi àpò bò ní kọ̀rọ̀. Ó di imú.

Bàbá rẹ̀ ni ó gbẹ́ ihò náà sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè sá sínú rẹ̀ bí bọ́ǹbù bá ń bọ́. Ó fi páànù bò ó, ó kó iyẹ̀pẹ̀ lé páànù, ó gbin kábéèjì sórí iyẹ̀pẹ̀, kí ó tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbẹ́lẹ̀ ní Hull, ìlú etí omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi ni yóò bá. Ìyá Muriel kì í sí nílé, ilé iṣẹ́ ni ó máa ń wà láti àárọ̀. Nítorí náà Muriel ni ó ń gbọ́n omi lójoojúmọ́, òun náà ni ó ń da korobá nù.

Ní ọjọ́ Sátidé yìí, omi ti kan orókún. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ti kú sínú rẹ̀, ó léfòó, ikùn rẹ̀ funfun bí ọ̀rá. Muriel yíjú kúrò.

"O ò tíì ṣe tán?" Beryl, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yọjú lórí ọgbà. "Sinimá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àbí wọ́n ti fi ẹ́ jẹ agbépóò àdúgbò ni?"

"Fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí bọ́ǹbù ò bọ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Muriel wo omi, ó wo Beryl. Ó fa àwọn pákó tí wọ́n máa ń tẹ̀ nínú ihò, ó tò wọ́n sójú omi. Wọ́n léfòó, wọ́n tẹ́jú. Nínú òkùnkùn ibẹ̀, bí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n rí. Kò fọwọ́ kan korobá.

"O ti gbọ́n ọn?" ìyá bàbá rẹ̀, tí ó ń pè ní Màmá, béèrè ní ilé ìdáná. Àyà ń dun arúgbó náà. Òtútù ọdún tó kọjá díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ.

"Ó ti gbẹ, Màmá."

Muriel ṣì ń wọ kóòtù láti lọ sí sinimá nígbà tí fèrè ìkìlọ̀ bọ́ǹbù ké. Wọ́n sáré sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbà ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé. Muriel fẹ́ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó sún sẹ́yìn kí Màmá lè kọjá.

Pákó yí. Màmá jókòó sínú omi títí dé àyà, ó na ọwọ́ di korobá mú, korobá sì dojú dé lé e.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi jókòó sórí àga tóóró inú ihò náà. Bọ́ǹbù ń bọ́, ilẹ̀ ń mì, ìgbẹ́ léfòó lójú omi, ó lẹ̀ mọ́ ìborùn Màmá, eyín arúgbó ń gbá ara wọn. Kì í ṣe ìgbẹ́ nìkan ni ó ń rí Muriel lára mọ́. Ara rẹ̀ ń rí òun fúnra rẹ̀ lára.

Nígbà tí ìyá Muriel ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá wúkọ́, ó ní: "Ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀, Edna. Má dààmú ọmọ."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Muriel kò gba ibẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa fún Màmá. N ò gbọ́n ọn. Mo fi pákó bò ó ni."

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó gbé ìborùn náà lé e lọ́wọ́. "Fọ̀ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó fọ̀ ọ́, òórùn kò kúrò. Màmá lo oṣù kan ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó padà dé, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Muriel ti ń gbọ́n omi kí ó tó jẹun àárọ̀. Omi ẹlẹ́gbin náà ṣì ń rí i lára, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́n ọn. Ẹ̀ẹ́fín ni ìwà, kò ṣe é fi aṣọ bò. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin tí ènìyàn bá sì fi pákó bò, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ tẹ pákó náà.