Ọwọ́ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin kan gbé ọkọ̀ tuntun dé, gbogbo àdúgbò wa ló tú jáde. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ń wá ìyá àwọn méjèèjì.

Àbúrò yìí ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí ọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ gíga: bí wọ́n ṣe ń bi yàrá léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Bó bá ti dé láti kíláàsì, ìròyìn ló kàn. Ìyá wọn, aránṣọ, á ní kó má fi ọ̀rọ̀ òkú ba oúnjẹ òun jẹ́. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń fetí sílẹ̀.

"Dókítà Òkú, bí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á dì mọ́ ògiri gbágbá. Omi tútù ni. Síbẹ̀ náà, a óò rí i."

"Háà! Ẹ̀yin wọ̀nyí ò ní jẹ́ kí ọ̀daràn jẹun."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń gbọ́ òun.

Àwọn ọlọ́pàá rí ọkọ̀ tuntun náà lẹ́nu ọ̀nà oníṣègùn kan. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n, wọ́n mú oníṣègùn. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ní kí àbúrò àti akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tẹ̀ lé òun lọ wo yàrá ẹ̀yìn ilé náà. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tí ọ̀ràn bá kàn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó mọ̀. Kò jẹ́ kí Ọ̀gá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n mú. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí wọ́n lè tú ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀.

Oníṣègùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rọra pọfọ̀.

"Ohun tílẹ̀ bá gbé mì, ojú kì í rí i. Ẹnu tó bá pè é, iyẹ̀pẹ̀ ni yóò kún un."

Àwọn yòókù ti wọlé. Oníṣègùn gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Wọlé, ọmọ. Omi tútù la fi fọ̀ ọ́ o. Oníbàárà mi ní àbúrò òun mọ̀wé gan-an."

Ó wọlé tẹ̀ lé wọn.

Yàrá náà ò ní fèrèsé. Ó ń rùn fún epo, fún ìyẹ́ jíjóná, fún ọṣẹ. Ọ̀gá fọ́n oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tàn, ó pa iná. Ilẹ̀ tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni, àmọ́ ó lè jẹ́ ti ẹran. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, tó fọ́n ẹ̀yìn rẹ̀.

Àmì ọwọ́ èèyàn ń tàn níbẹ̀, búlúù, kò ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó ń rákò jáde ló fi í síbẹ̀.

"Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án," Ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ kí n to kámẹ́rà. Wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ yòókù kọjá àyẹ̀wò. Ọwọ́ yìí nìkan la ní."

Ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ náà wọ́ sápá kan, bí ìka aránṣọ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún dé eegun rí.

Ọmọbìnrin náà kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Màámi," ló wí, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú ti ìyá rẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n mú òun sọdá títì.

Ọ̀gá pariwo. Oògùn náà ṣàn wálẹ̀, ọwọ́ dà pọ̀ mọ́ ọwọ́. Nígbà tí fótò máa fi jáde, àbàwọ́n lásán ni.

Adájọ́ ní kò sẹ́rìí. Oníṣègùn ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ́ wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ilé ẹ̀kọ́ lé e. Wọn ò tíì rí òkú ìyá náà títí tí èmi fi kúrò ládùúgbò yẹn, ọjọ́ sì ti lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n tú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, ó wá bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, níbi tó jókòó sí láàárín àwọn aṣọ tí ìyá ò rán parí. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò.

"Wọ́n ti ròyìn fún mi. Mo mọ̀ pé o ò ní jẹ́ kí n kú sẹ́wọ̀n. O fọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́."

Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kó tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ó ku èmi àtìwọ nìkan báyìí."