Àsíá Ìdajì Òpó ní Nørreklit

Orí irin ìdákọ̀ró ni orí Evald Bundgaard wà nígbà tí Dagny, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé àwọ̀n. Ó kọ́kọ́ rò pé ó sùn ni. Ó pè é, ó tún un pè. Ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sí etí rẹ̀ ló ju ìgbálẹ̀ nù, tó sì sáré bọ́ síta, níbi tí oòrùn ti ń ràn lẹ́yìn òjò tó ti ń rọ̀ láti ìdájí.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ní Túsìdé, gbogbo Dẹ́nmáàkì máa dìbò lórí àdéhùn tuntun tó fẹ́ so orílẹ̀-èdè náà mọ́ àwọn ará Yúróòpù yòókù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ni tàbí Bẹ́ẹ̀kọ́. Ní Nørreklit, abúlé àwọn apẹja tó wà létí òkun ìwọ̀-oòrùn, Bẹ́ẹ̀kọ́ ni ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, Evald sì ni olórí wọn. Òun ló máa ń dúró lórí àpótí ẹja ní èbúté, tó ń sọ pé àwọn tó jókòó sí Brussels kò lè máa ka iye ẹja tí òun máa pa nínú òkun bàbá òun.

Kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Thyra Haahr tó dé láti ìlú, àsíá pupa alágbèélébùú funfun ti wà ní ìdajì òpó níwájú gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ bí ẹnì kan bá kú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn lẹ́lẹ́. Àfi ọ̀kan, ní ilé ìkẹyìn, lórí òkìtì yanrìn tó kọjú sí òkun. Ìyẹn wúwo, ó lẹ̀ mọ́ òpó bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn kò fún. Thyra rí i bí ó ti ń kọjá, kò sì rò ó mọ́. Òkú ló wá wò.

Evald dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹnì kan ti pa ojú rẹ̀ dé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ìkúùkù, nígbà tí dókítà sì tú u, báàjì kékeré kan bọ́ jáde: báàjì àwọn tó ń sọ pé Bẹ́ẹ̀ni.

Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ ẹni tó ni báàjì náà fún òun. Ní Nørreklit, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi báàjì yẹn sáyà. Keld ni, olùkọ́ ilé-ìwé, ọkọ Grethe, ọmọbìnrin Evald. Ní Ọjọ́ Ẹtì, òun àti bàbá ìyàwó rẹ̀ ti pariwo mọ́ra wọn ní èbúté. Evald pè é ní ẹni tó ta ilé bàbá rẹ̀. Keld ní ìgbéraga Evald ló máa fi ebi pa gbogbo abúlé.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà ni wọ́n ti mú Keld. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá ọ̀dà dúdú lára ilẹ̀kùn rẹ̀: APÀNÌYÀN.

"Evald já báàjì náà gbà láyà Keld nígbà tí wọ́n ń jà," Ọ̀gá Rosenvinge wí fún Thyra. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Lọ́la, a gbé e dé iwájú adájọ́, ó di ẹlẹ́wọ̀n ní ìlú ńlá títí ẹjọ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú ń gbóná, Thyra. Ìbò ti dé tán. Jẹ́ ká parí ẹ̀."

Keld kò jẹun. Búrẹ́dì dúdú àti ẹja yíyan tí wọ́n gbé fún un wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

"Òun ló béèrè báàjì náà lọ́wọ́ mi," ó wí.

"Bàbá ìyàwó rẹ? Tó bú ẹ níwájú gbogbo ayé?"

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló wá bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ní òun ti yí padà. Ó ní òun máa fi í sáyà ní Mọ́ńdè, níwájú gbogbo wọn, nínú ìpàdé ilé àdúrà. Ó ní kí n má tíì sọ fún Grethe pàápàá, pé ẹnì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún."

"Ta ni?"

"Kò dárúkọ rẹ̀. Ojú ń tì í ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọdé."

Thyra jáde, ó sì bá Grethe níta. Oyún rẹ̀ ti dé orí ìkúnlẹ̀. Ó ti sunkún fún bàbá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú, síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ní Keld kò lè pa adìyẹ. Ó ní bí wọ́n bá gbé e lọ lọ́la, òun á bí ọmọ náà sí ilé tí wọ́n kọ apànìyàn sí lára, òun nìkan, láìsí bàbá, láìsí ọkọ. Ó di ọwọ́ Thyra mú, kò sì fẹ́ fi sílẹ̀.

Thyra padà lọ wo báàjì náà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní pípadé. Bí ènìyàn bá já báàjì gbà láyà ẹlòmíràn, abẹ́rẹ́ á ṣí, tàbí kó fa òwú aṣọ dání. Kò sí òwú. Ẹ̀wù Keld kò sì ya níbì kankan. Ó sáré lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ lo fẹ́ lọ fi han adájọ́?" ni Rosenvinge fi dá a lóhùn. "Wá nǹkan mìíràn wá, ìyá abẹ́rẹ́. Títí di àárọ̀ ọ̀la."

Nítorí náà ni Thyra ṣe padà sí Nørreklit ní ọjọ́ Ìsinmi, ọkàn rẹ̀ sì wúwo. Bí Keld bá sọ òtítọ́, a jẹ́ pé Evald fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàjì náà lọ sí ilé àwọ̀n láti fi han ẹnì kan. Ta ni inú rẹ̀ lè bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ó kọ́kọ́ ronú kan Laust Odgaard. Òun àti Evald kò kí ara wọn láti ìgbà tí Laust ti sọ pé Evald gé àwọ̀n òun. Ọkọ̀ Laust nìkan ló ti òkun wọlé ní àárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n Laust ti sọ fún ọlọ́pàá pé bí òun ṣe so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ilé lòun gbà lọ, òun sì sùn.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá Gravers Kappel. Òun àti Evald ló jọ ni ilé àwọ̀n àti ọkọ̀ ìpẹja tí wọ́n ń pè ní Villads. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń lọ sí òkun. Gravers ni alàgbà ilé àdúrà, òun sì ni adarí orin. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ sì já, ó jókòó, kò sì kọ ọ̀kan mọ́. Gbogbo ìjọ sunkún pẹ̀lú rẹ̀.

Ilé rẹ̀ ni ilé ìkẹyìn lórí òkìtì yanrìn. Ó jókòó níwájú ilé lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ òpó àsíá, ó tẹjú mọ́ òkun.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, Bàbá Gravers," Thyra wí.

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni tó wọ ilé àwọ̀n tọ Evald lọ ní àárọ̀ Sátidé?"

"N kò rí ẹnikẹ́ni tó wọlé tọ̀ ọ́."

"Keld ńkọ́?"

"N kò rí Keld. Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan."

Thyra rò pé àánú onígbàgbọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó wọlé lọ kí Ottilie, ìyàwó rẹ̀, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ẹ̀yìn, tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí ọ̀nà. Àìsàn ti jẹ ẹ́ tán, ó ku ojú àti ẹnu. Ẹnu náà ṣì mú. Ó ní kí Thyra bu kọfí fún ara rẹ̀, pé ọkọ òun kò fi nǹkan kan sẹ́nu látàná.

"Ìwọ ọlọ́pàá," ó wí, "o máa bá mi mú Laust Odgaard. Ó wá kí mi kú ikú ara mi."

"Báwo, ìyá?"

"Lánàá, òjò ṣì ń rọ̀. Mo gbọ́ ìkànkùn. Gravers kò sí nílé. Mo fi ọ̀pá rọra dé ẹnu ọ̀nà, mo ṣílẹ̀kùn. Laust ló dúró síbẹ̀, ó ti ṣí fìlà, omi ń kán ní imú rẹ̀. Ó ní, 'Gravers, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù.' Ó gbójú sókè, ó rí mi. Mo ní ta ló kú? Kò lè dáhùn, torí èmi náà ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ó sá lọ. Mo rò pé ó mutí ni."

Thyra gbé ife kọfí kalẹ̀. Laust ti purọ́. Kò gba ilé lọ tààrà.

Ó bá a ní èbúté, ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó dé ilé Gravers, ojú rẹ̀ pọ́n dé etí.

"Ìtìjú ni mo ṣe purọ́," ó wí. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo èbúté máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Mo lọ bá obìnrin kẹ́dùn ikú ara rẹ̀."

"Kí ló jẹ́ kí o rò pé ó ti kú?"

"Àsíá. Bí a ti ń bọ̀ láti òkun, àsíá Gravers wà ní ìdajì òpó nínú òjò. Gbogbo wa ṣí fìlà nínú ọkọ̀. Ottilie ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ta ni ǹ bá tún rò? Àṣé Evald ni. Nígbà tí mo gbọ́ lọ́sàn-án, mo ní, ó tán, àsíá tọ̀nà, èmi ni mo ṣi ẹni tó kú mú."

Thyra yíjú wo òkìtì yanrìn. Nínú òjò. Oòrùn ti yọ kí Dagny tó ṣí ilẹ̀kùn ilé àwọ̀n. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni gbogbo abúlé fa àsíá wọn sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ló tutù. Ẹni tó ni ín ti ń ṣọ̀fọ̀ Evald kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Evald kú.

Ó padà gun òkìtì yanrìn náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì. Ó ń gbàdúrà kí ó jẹ́ pé òun ṣìnà.

Gravers ṣì wà níbi tó fi í sí.

"Bàbá," ó wí, "ta lẹ sọ àsíá dé ìdajì òpó fún lánàá, nígbà tí òjò ń rọ̀?"

Bàbá náà gbójú sókè wo òpó.

"Evald."

"Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti kú."

"Èmi mọ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jẹ́rìí níwájú ìjọ. Evald ti ní kó wá bá òun ní ilé àwọ̀n. Ó ṣí ọwọ́, ó fi báàjì hàn án. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní ẹja ti tán, àwọn ti darúgbó, kí àwọn gbà fún àwọn ará Yúróòpù, kí àwọn ọmọ lè rí iṣẹ́ ṣe lórí ilẹ̀. Ìrànwọ́ wà fún ẹni tó bá kó ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gé ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ó ní òun ti fi orúkọ Villads sílẹ̀.

"Ọmọ mi ni Villads," Gravers wí. "Ó bọ́ sómi láti orí ọkọ̀ yẹn, òkun kò sì dá a padà. N kò ní sàréè tí mo lè gbé òdòdó lọ. Pátákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lé kẹ́yìn nìkan ni mo ní. Mo sọ fún Evald. Mo ní, ọkọ̀ yẹn ni sàréè ọmọ mi, ṣé àwọn àjèjì ló máa wá fi ayùn gé e? Ó dá mi lóhùn pé, 'Gravers, igi ni.'"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Mo tì í. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ó fi orí lé ìdákọ̀ró. Mo kúnlẹ̀ tì í títí kò fi mí mọ́, mo pa ojú rẹ̀ dé. Mo rìn wálé nínú òjò, mo fa àsíá dé òkè, mo sọ ọ́ dé ìdajì. N kò rò ó. Ọ̀rẹ́ mi ló kú. Kí ni ǹ bá tún ṣe?"

"Ẹ sì jẹ́ kí Keld sun àtìmọ́lé."

"Mo ń gbàdúrà kí wọ́n dá a sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ lè dá a sílẹ̀, bàbá."

Gravers bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Ta ló máa gbé Ottilie dìde láàárọ̀?" ó wí. "Sọ fún mi. Ta ló máa gbé e dìde?"

Thyra yí padà. Ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi rédíò bá ìlú sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n tú Keld sílẹ̀, kí wọ́n sì rán ọkọ̀ wá. Ìròyìn yára ju ọkọ̀ lọ. Kí àwọn ọlọ́pàá tó dé, Grethe ti ń gun yanrìn bọ̀, ọwọ́ kan lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó dúró níbi tí koríko parí, ó ń wo ọkùnrin tó kọ́ ọ ní orin nígbà tó wà lọ́mọdé.

Gravers kò lè wò ó lójú. Ó bẹ Thyra pé kó jẹ́ kí òun sọ àsíá kalẹ̀ kí òun tó lọ. Oòrùn ti ń rọlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí àsíá sun ìta, Ottilie kò sì lè ṣe é. Thyra gbà. Bàbá náà kọ́kọ́ fà á dé òkè pátápátá, bí wọ́n ti ń ṣe, kó tó máa sọ ọ́ bọ̀ wálẹ̀. Aṣọ náà fẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń ká a, nítorí kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ já etí kan gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń fò lọ sílẹ̀.

Thyra ti gbé ẹsẹ̀, àmọ́ Grethe ti débẹ̀. Ó ti di etí kejì mú.

"Ẹ dì í mú dáadáa, Bàbá Gravers," ó wí. Omijé bo ojú rẹ̀. "Ó fẹ́ kan ilẹ̀."

Wọ́n jọ ká a, ọmọ ẹni tó kú àti ẹni tó pa á, títí ó fi kéré. Grethe gbà á, ó sì gbé e wọlé lọ bá Ottilie.

Ní Túsìdé, Bẹ́ẹ̀kọ́ fi díẹ̀ borí ní gbogbo Dẹ́nmáàkì. Ní ìlú, wọ́n ní àwọn kan jó ní òpópónà. Ní Nørreklit, kò sẹ́ni tó jó. Ẹni tó fi orúkọ Villads sílẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó máa wá gé e mọ́. Ó wà ní èbúté, okùn so ó mọ́lẹ̀, ìgbì ń gbá a mọ́ ògiri. Kò sì sí ẹni tó kù tó máa wà á lọ sí òkun.