Ọ̀rọ̀ Kan, Iná Mẹ́ta

Iná jó ọwọ́ ọ̀tún Faïzou nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Àjàṣẹ́ fún iṣẹ́ abẹ ojú.

Ìyá kò ríran mọ́ ju òjìji lọ. Àwọn dókítà ojú tó wá láti òkèèrè fẹ́ padà lọ́jọ́ kejì. Bí Ìyá kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ọ̀sán, ó di ọdún mìíràn.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí Faïzou àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Zouleyhath, gbé Ìyá jókòó síwájú ọkọ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà. Faïzou fa okùn ẹ́ńjìnnì. Kò dún. Ó tún fà á. Kò dún.

"Epo kpayo, epo fàyàwọ́ tí ẹ rà yìí ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti bu omi là á."

"Gbogbo nǹkan ni kpayo lójú tìẹ. Ìjẹta tí inú ń run ọ́, ṣé kpayo ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jà. Ẹ gbé mi lọ."

Faïzou fà á títí apá fi ro ó. Ó ro epo náà jáde, ó da òmíràn sí i. Èyí tó dànù wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń rùn.

Àkàndé, mẹkaníìsì etí ọ̀sà, ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kọjá. Ó kígbe láti ọ̀nà jíjìn: "Faïzou! Fi epo sílẹ̀! Wò ó bóyá bùjí ní iná!"

Bùjí ni irin kékeré tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Faïzou tú u jáde, ó tẹ̀ ba. Ibẹ̀ ṣú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tan iná kí n rí i."

Fóònù Zouleyhath ti kú. Ìṣáná tó fi dáná àárọ̀ wà lápò rẹ̀. Ó ṣá a.

Gbàà! Iná gba ọwọ́ Faïzou dé ìgbọ̀nwọ́. Zouleyhath sáré bu omi.

"Má da omi sí i! Á gbé epo kiri!" Àkàndé ti yí ọkọ̀ padà. "Rẹ àpò, kí o fi bò ó!"

Zouleyhath rẹ àpò ìdọ̀họ sínú ọ̀sà, ó fi bo iná náà. Iná kú.

"Ẹ fi epo pupa pa á lọ́wọ́," Ìyá ń ké, ó ń táràrà wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Rárá, Ìyá. Omi tútù tó mọ́ nìkan." Àkàndé ń da omi mímu wọn sí ọwọ́ náà, kò dáwọ́ dúró.

Zouleyhath ń sunkún. "Òun ló ní kí n tan iná."

"Iná tọ́ọ̀ṣì ló ń wí," Àkàndé dá a lóhùn. "Iná bùjí ni èmi ń wí. O wá lọ ṣáná. Ọ̀rọ̀ kan, iná mẹ́ta!"

"Ẹ jẹ́ ká lọ," Ìyá wí. "Dókítà tèmi àti tirẹ̀, Àjàṣẹ́ náà ni."

Ọkọ̀ Àkàndé kò gbà wọ́n. Ó wọ tiwọn, ó fi àkísà fa epo ilẹ̀ ọkọ̀ tán, ó dúró títí òórùn fi lọ. Ó wá wo ẹ́ńjìnnì.

"Okùn pupa dà?"

"Èwo?" Faïzou béèrè.

"Èyí tó yẹ kó so mọ́ ọ lọ́wọ́, tí ìkọ́ rẹ̀ ń wọ abẹ́ bọ́tìnnì yìí. Bí o bá ṣubú sómi, ìkọ́ á yọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Bí nǹkan kan kò bá sí lábẹ́ bọ́tìnnì, bùjí kò ní í ta iná láéláé."

"Ó ti sọnù. Igi ni mo há síbẹ̀."

"Igi dà?"

Igi ti gbẹ nínú ọyẹ́, ó ti bọ́.

Àkàndé pòṣé. "Ẹ́ńjìnnì yìí kò ṣàìsàn. Ìwọ lo pa á, o wá ń wá ẹni tó pa á nínú epo."

Ó nu bùjí gbẹ, ó dá a padà, ó mú okùn pupa kan nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìkọ́ rẹ̀ há abẹ́ bọ́tìnnì. Zouleyhath fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó dún. Wọ́n dé Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó kanrí.

Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀, ẹ gbọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, okùn pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má há igi síbẹ̀: lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú, ọkọ̀ á máa lọ láìsí yín, ó sì lè yí padà wá gé yín. Bí okùn bá wà ní ipò, ẹ nu bùjí, kí ẹ wo wáyà rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Bí epo bá ń rùn, ẹ dúró. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń dán bùjí wò, kó pe mẹkaníìsì. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹ pe tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má pe iná.

Ìyá ti ríran. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Faïzou kò ká mọ́. Kò lè di okùn ẹ́ńjìnnì mú. Zouleyhath ló ń fà á.