Ẹ̀bẹ̀ Tí Haneef Lọ Bẹ̀ ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Àárín ẹrẹ̀ ni Haneef ti kọ́kọ́ rí Ikhlas. Ọkọ̀ ọlọ́pàá rì lójú ọ̀nà Ayépé lẹ́yìn òjò, àwọn ọkùnrin ti wà á títí, wọ́n ti tì, ni ọlọ́pàábìnrin kan bá bọ́ sí ìjókòó awakọ̀. Ó ní kí gbogbo wọn tì í. Ọkọ̀ fò jáde, ẹrẹ̀ sì bo jálàbíà funfun Haneef, tíṣà ìṣirò tó ń lọ kírun Jímọ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Ikhlas wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ta ni yóò bá mi fọ̀ ọ́?"

"Ọlọ́pàá kì í fọṣọ. Ẹni tó bá dọ̀tí la máa ń mú."

"Ó dáa, ẹ mú mi."

Ó sì mú un lóòótọ́. Kí ọdún tó yí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn ti dé etí Alhaja Ràmọ́tà, ìyá Haneef, tó ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ náà wù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò wù ú. Ikhlas ṣẹ̀ṣẹ̀ borí àwọn ọkùnrin nínú ìdánwò awakọ̀ ni, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò wa ọkọ̀ tí àgọ́ wọn fi ń lépa adigunjalè.

"Kó lọ jókòó sídìí káńtà ní àgọ́ wọn," ni Alhaja wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní bá ẹ tọrọ ẹnikẹ́ni."

Haneef rò pé òun ti rí ojútùú. Ó yọ́ lọ bá ọ̀gá Ikhlas, ó bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna pé kó gbé e lọ sídìí káńtà. Ọ̀gá gbà kíákíá, àfi bíi pé ó ti ń retí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ikhlas dé Ijagun, níbi tí Haneef ti ń kọ́ni.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi?"

"Olólùfẹ́ mi, nítorí àwa méjèèjì ni..."

"Ṣé o bi mí? Bí mo bá ní kí ọ̀gá yín gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

Ikhlas sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìtìjú ló gbé Haneef padà sí àgọ́. Ojú gbogbo ọlọ́pàá ibẹ̀, Ikhlas pẹ̀lú, ló ti sọ ọ́: "Ọ̀gá, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá yege ni kí ẹ fún lọ́kọ̀."

Ọ̀gá wò yíká, kò sẹ́ni tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Ikhlas.

Haneef gba ilé lọ. "Ìyá mi, awakọ̀ ni mo fẹ́. Ẹ bá mi lọ." Alhaja bá a yan odì títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀, ló bá gé lẹ́ẹ̀sì tó dáa jù nínú ìsọ̀ fún ìyàwó.

Lọ́jọ́ yìgì, Àfáà béèrè bóyá ìyàwó ní májẹ̀mú.

"Ẹyọ kan," ni Ikhlas wí. "Bó bá kan iṣẹ́ mi, èmi nìkan ni kí n máa bá ọ̀gá mi sọ ọ́."

"Mo gbà," ni Haneef wí, kí Àfáà tó bi í.

Ohùn kan jáde láàárín àwọn obìnrin. Alhaja Ràmọ́tà ni.

"Àwa náà gbọ́. Àfáà, ẹ so yìgì."