Àwọn Tó Wá Kí Kremena

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá. Ẹ sún mọ́ iná, ẹ sún mọ́ èmi náà. Ìwọ, ká ẹsẹ̀ ẹ kò, kí ológbò ráyè sùn. Ẹ gbọ́ o, n kò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, létí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ẹ̀yin náà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni n óò ṣe sọ ọ́.

Ọmọ ìyá méjì ló ń gbé ibẹ̀, Ralitsa ẹ̀gbọ́n, Kremena àbúrò. Àwọn òbí wọn ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Jámánì. Kremena ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá odò, ṣùgbọ́n orin ni Ọlọ́run fún un. Háà, ohùn yẹn! Tó bá kọrin lẹ́yìnkùlé, àwọn àgùntàn á gbórí sókè, koríko á wà lẹ́nu wọn, wọn ò ní jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn olórin yóò kóra jọ sórí pápá òkè bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, àwọn tó ń gba orin sínú àwo yóò sì ti Sofia, olú ìlú wa, wá gbọ́ wọn. Tí ohùn Kremena bá wọ̀ wọ́n létí, ó bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ohùn yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Iṣẹ́ Ralitsa ni kí ó mú olórin, kí ó fún un ní ojú kan. Ojú kan náà lára pósítà, ojú kan náà lára páálí àwo orin, lára aṣọ, lára ọkọ̀, nínú fóònù. Sofia ló ti kọ́ ọ. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá rí ẹ lẹ́ẹ̀kan, kó dá ẹ mọ̀ títí ayé."

Lọ́jọ́ tó ya fọ́tò náà, Kremena ò yé ráhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀?"

"Pa ẹnu dé. Gbogbo olórin ìlú yìí ló ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí wàràkàṣì gbé."

"Ooru ìborùn dúdú yìí ń mú mi."

"Jẹ́ kó mú ẹ. Gbogbo wọn ló ń dán yanran bí ìlẹ̀kẹ̀. Dúdú la máa fi yàtọ̀."

"Mo mà dà bí opó."

"O dà bí ẹni tí wọn ò ní gbàgbé."

Ralitsa fi ìlà dúdú yí fọ́tò náà ká. Ó kọ orúkọ sísàlẹ̀. Kò kọ nǹkan mìíràn. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni: ojú àti orúkọ nìkan lákọ̀ọ́kọ́, kí ìlú máa bi ara wọn pé kí ló dé. Nígbà tó bá yá, kó tó wá lẹ èyí tó sọ̀rọ̀ orin.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí à ń lẹ ìwé mọ́ níhìn-ín. Òpó iná. Igi ńlá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ògiri ibùdókọ̀. Ibẹ̀ náà ni ìwé àwọn òkú wa wà, pẹ̀lú fọ́tò wọn, orúkọ wọn, àti ìlà dúdú. Òjò á pa wọ́n, oòrùn á sá wọn, a kì í yọ wọ́n. Kò sí àyè tó ṣófo. Ralitsa po lẹ́ẹ̀ sínú garawa, ó lẹ Kremena lé wọn lórí.

Màmá Pena, aládùúgbò wọn, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó.

"Ralitsa, ṣé o tọrọ àyè?"

"Lọ́wọ́ ta ni, Màmá? Ìjọba ò bá wa jà."

"Ta ló ń sọ ti ìjọba? Àwọn tí o bò lójú yẹn ni mò ń wí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Wọn ò ríran mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ralitsa rẹ́rìn-ín. Ó gbé garawa rẹ̀, ó bọ́ sídìí òpó mìíràn.

Kò pẹ́. Bọ̀ọ̀dá Mitko tó ń ta búrẹ́dì rí Kremena níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kremena! Ṣé ìwọ nìyí? Mo ti sunkún ẹ tán!"

"Ẹ bá mi fi omijé yẹn pamọ́, Bọ̀ọ̀dá Mitko. Ọjọ́ ń bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí Kremena délé, ó bá òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́rin ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà láàyè, mẹ́ta là ń fún un, tàbí márùn-ún. Òkú la máa ń fún ní mẹ́rin. Ọmọ náà dúró, ó ń wo òdòdó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ àwọn ìwé yẹn."

"Kí n yọ kí ni? Orúkọ ẹ ló wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Iṣẹ́ náà ti ń jẹ́ bí oògùn."

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì wá lẹ́. Àwọn ajá ìlú dákẹ́. Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́.

Ralitsa ṣí i. Àwọn ènìyàn dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wọ aṣọ dúdú tó dára. Wọ́n gbé àlìkámà bíbọ̀ dání, ti ìsìnkú, wọ́n sì bu ṣúgà lé e lórí. Wọ́n gbé wáìnì pupa. Àbẹ́là tín-ín-rín wà lọ́wọ́ kálukú.

"Ọlọ́run á forí jì í," ni wọ́n ń sọ, bí wọ́n ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n jókòó yí ògiri ká. Àga ilé yẹn máa ń ké bí ewúrẹ́ téèyàn bá jókòó lé e. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ké.

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣìnà?" ni Ralitsa wí.

"Rárá. A rí ìwé rẹ̀."

Kremena gbé kọfí bọ̀ láti ilé ìdáná. "Ẹ káalẹ́ o. Èmi nìyí. Ara mi le."

Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá ká a lé e láyà bíi ti òkú.

Òórùn kan gba inú yàrá. Òórùn ìwé tútù ni, àti lẹ́ẹ̀. Ralitsa wo ọkùnrin tó jókòó sún mọ́ ọn jù. Irunmú rẹ̀ funfun. Lẹ́ẹ̀ dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ń fi ìka nù ún, jẹ́jẹ́, kò sì kúrò. Ralitsa mọ ojú yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìwé Kremena bò ó, lára ògiri ibùdókọ̀.

Ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú. Kò kú. Ìwé orin lásán ni."

"Orúkọ rẹ̀ kọ́ ni?" ni ọkùnrin náà wí.

"Orúkọ rẹ̀ ni."

"Ojú rẹ̀ kọ́?"

"Ojú rẹ̀ ni."

"Ìlà dúdú ńkọ́?"

Ralitsa bọ́ sáàárín wọn àti Kremena.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni."

"O ṣe é dáadáa. Ibi tí a bá yíjú sí, òun ni, bákan náà. A dá a mọ̀ kíákíá."

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn.

"Òkú kì í kọrin!" Igbe ni Ralitsa fi sọ ọ́, ohùn ara rẹ̀ sì dẹ́rù bà á. "Kremena, kọrin fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo ní kọrin!"

Kremena kọrin. Orin ọmọbìnrin tó ń pe àgùntàn rẹ̀ wálé nínú yìnyín ni. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó dúró, ó wá mọ́ kedere. Ọkùnrin onírunmú dijú. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìsí ariwo. Nígbà tí orin parí, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, sọ́dọ̀ Kremena.

Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n jókòó.

Ó wá yé àwọn ọmọ ìyá méjì náà. Kremena ò gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ó kọ orin ìkórè. Ó kọ orin ìyàwó. Ó kọ orin tí ìyá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, ó sì tún ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Ralitsa ń fún un lómi mu láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Kò sẹ́ni tó tan àbẹ́là wọn. Síbẹ̀, àwọn àbẹ́là náà ń kúrú.

Nígbà tó ṣe, ojú fèrèsé funfun. Àkùkọ kọ. Wọ́n dìde, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn ò dúró de òpin orin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dé iwájú Kremena, ó tẹrí ba, ó fẹnu ko iwájú orí rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí a fẹ́ sin. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde. Obìnrin tó gbẹ̀yìn yíjú sí Ralitsa.

"O ṣeun, ọmọ mi. A ò ní olórin lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀."

Ralitsa ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ̀yìn tì í.

"Ó tó, àbúrò mi. Wọ́n ti lọ. Sinmi."

Orin náà ò dúró.

"Mo ní ó tó."

Ó wo Kremena. Ọmọ náà jókòó, ó ń wò ó, omi kún ojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ó là á. Ó pa á dé, ó tún là á. Ohùn kankan ò jáde.

Ìta ni orin náà wà. Ó ń gòkè lọ lójú ọ̀nà, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó mọ́, ó dùn, kò há rárá. Ralitsa dúró, ó ń gbọ́ ọ bó ti ń jìnnà, títí wọ́n fi yà ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì.